Ọkọ mi ní òun ò wá sí Jámánì wá wa Toyota

Ìyàwó Àkànbí, Böblingen: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Ọkọ mi lọ sọ́dọ̀ Händler, oníṣòwò ọkọ̀ kan, lánàá, ó ní òun kàn fẹ́ lọ wòran, ló bá fọwọ́ síwèé, ó tún san 500 euro àsansílẹ̀ lórí ọkọ̀ Jámánì ńlá kan, ti 2012, ó ti rin 214,000 kìlómítà, dísẹ́ẹ̀lì ni, sílíńdà mẹ́fà, ìjókòó aláwọ, gbogbo nǹkan ń tàn yòò. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la ló fẹ́ lọ kó ìyókù fún wọn. Bẹ́ẹ̀ èmi ti rí Toyota Auris hybrid kan, elépo àti bátìrì, tí ìyá àgbà kan ń tà ní Sindelfingen, 2014, 81,000 kìlómítà, Scheckheft ẹ̀, ìwé sáfíìsì, pé pérépéré. Ó ní òun ò lè wá sí Jámánì kí òun tún máa wa irú ọkọ̀ tí bàbá òun ń wà n'Ífẹ̀, pé àwọn ará ibi iṣẹ́ òun á máa fojú kéré òun. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń fi ọkọ̀ díwọ̀n èèyàn níbí? Ṣé a ṣì lè gba 500 yẹn padà? Ẹ tètè dáhùn, ó ń sùn lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Hamburg: Gbé kọ́kọ́rọ́ ilé pamọ́ ná, ká tó máa sọ̀rọ̀.

Bàbá Ìbejì, Nürnberg: Àǹtí, ẹ jókòó kí n sọ tèmi fún yín. Èmi náà ra irú ẹ̀ nígbà kan, mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é torí mi ò rówó lọ́yà. Mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú Dìsẹ́ḿbà, òtútù ń já èèyàn létí, mo bá ọkọ̀ mi tó ti kúnlẹ̀ lápá òsì bíi ràkúnmí tó ń dúró kí wọ́n wá dẹ́rù lé e. Luftfederung, àwọn rọ́bà afẹ́fẹ́ tó ń gbé ọkọ̀ dúró, ló ti jò. Àwọn tó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò ní ó lé ní 3,000 euro. Mo tún un ṣe o! Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ tí mo bá ti ń ṣíná sí i láàárọ̀, wọ́n ní ṣéènì ni, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ló sì wà, wọ́n á ní láti yọ gbogbo ẹ̀ síta kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Àwọn ará Export, àwọn tó ń kó ọkọ̀ àlòkù lọ tà nílẹ̀ òkèèrè, ni mo tà á fún. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di Ọdún Àjíǹde.

Mẹkáníìkì Àgbà, Offenbach: Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú o, ìgbà wo lẹ máa ń pààrọ̀ óìlì?

Bàbá Ìbejì: Ìgbà tí dáṣíbọ́ọ̀dù bá sọ pé kí n pààrọ̀ ẹ̀.

Mẹkáníìkì Àgbà: Ẹn-ẹ́n. 30,000 kìlómítà nìyẹn. Ẹ wò ó, LongLife yẹn, kí óìlì pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀, ẹni tó máa dá ọkọ̀ padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ló wà fún, kò kàn án bó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá rà á nígbà tó ti rin 180,000, 10,000 ni kó máa pààrọ̀ ẹ̀, ó pẹ́ tán 15,000. Óìlì tó ti ṣú ló jẹ ṣéènì yín.

Bàbá Ìbejì: Ṣé óìlì náà ló ní kó kúnlẹ̀?

Mẹkáníìkì Àgbà: Rọ́bà ni ìyẹn, rọ́bà á gbó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò jẹ̀bi ṣéènì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Köln: Óìlì ò jẹ̀bi, ọkọ̀ ò jẹ̀bi, Bàbá Ìbejì ló jẹ̀bi jàre. Lọ́wọ́ aládàáni ló ti rà á, „gekauft wie gesehen“ (bó o ṣe rí i lo rà á) wà nínú ìwé, ó sì fojú ara ẹ̀ rí i. Kí ló tún fẹ́?

Bàbá Ìbejì: Ìwọ tí o kò ní ọkọ̀ rárá!

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Mo ní Deutschlandticket, tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù fún bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin. Kò kúnlẹ̀ rí.

Sisí Berlin: Ẹ jẹ́ ká dá àǹtí lóhùn ná. Àǹtí, ẹ ní ọjọ́ 14 láti dá ọkọ̀ padà, òfin ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín.

Mẹkáníìkì Àgbà: Rárá o, Sisí, ẹ má kó bá ọmọ ọlọ́mọ. Ọjọ́ 14 yẹn, tí wọ́n bá rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lórí fóònù ni. Ọkùnrin yìí fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ jókòó níwájú tábìlì wọn, ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i. Ó ti rà á nìyẹn.

Sisí Berlin: Ẹ̀gbọ́n mi dá tiẹ̀ padà ní Spandau.

Mẹkáníìkì Àgbà: Oníyẹn ló ṣàánú ẹ̀ o. Àǹtí, ẹ lọ wo ìwé yẹn dáadáa. Ṣé orúkọ Händler gan-an ló wà níbi ẹni tó ń tà á, àbí wọ́n kọ „im Kundenauftrag“, pé oníbàárà kan ló ń bá tà á?

Ìyàwó Àkànbí: Mo ti yọ ọ́ nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Orúkọ Händler ni. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ Bastlerfahrzeug, ọkọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ ṣeré, síbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kékeré nísàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Hamburg: Ye!

Bàbá Ìbejì: Ó parí.

Mẹkáníìkì Àgbà: Kò tíì parí. Bó bá jẹ́ Händler ló tà á fún ẹni tó fẹ́ máa fi lọ síbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn kì í sábà gbà á sílẹ̀ ní kóòtù, ó kéré tán ọdún kan ni Gewährleistung ẹ̀, ìyẹn ojúṣe ẹni tó tà á bí àléébù bá yọjú. Láti January 2022 wá, tí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín oṣù 12 àkọ́kọ́, òun ló máa wá ẹ̀rí pé kò tíì bàjẹ́ nígbà tó tà á. Ṣùgbọ́n kéèyàn jàre yàtọ̀ sí kí owó wọlé o. Kí ọkọ yín pè wọ́n láàárọ̀, kó ní òun fẹ́ gbé e lọ sí TÜV tàbí DEKRA fún àyẹ̀wò kí òun tó kó owó wá. Tí wọ́n bá ń sá fún un, ẹ ti mọ̀. Ẹ sì wo Euro ẹ̀, ìyẹn ìpele èéfín ẹ̀, nínú Fahrzeugschein, ìwé ọkọ̀, torí Stuttgart bẹ̀rẹ̀ sí í lé dísẹ́ẹ̀lì Euro 4 sísàlẹ̀ ní 2019. Euro 5 ló ṣeé ṣe kí ti 2012 jẹ́, ẹ ṣáà rí i pẹ̀lú ojú yín.

Ọmọ Ìbàdàn, Wolfsburg: Ẹ jẹ́ kí n mú ti ojú kíkéré yẹn. Ọdún kẹsàn-án mi rèé láàárín wọn. Àwọn ọkọ̀ ńlá tuntun tẹ́ ẹ ń rí yẹn, púpọ̀ nínú ẹ̀ kì í ṣe tẹni tó ń wà á. Nínú ọkọ̀ tuntun mẹ́ta tí wọ́n bá forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní Jámánì, bíi méjì ló wà lórúkọ ilé iṣẹ́. Firmenwagen ni. Wọ́n á ṣírò ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀ mọ́ owó oṣù ẹni tó ń wà á láti gba owó orí, ilé iṣẹ́ á san leasing, owó ìyálò ọkọ̀, táyà, àtúnṣe, ó tiẹ̀ lè san epo. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó ti gba òmíràn. Tó bá ti wá dọwọ́ kẹta ọwọ́ kẹrin, àwa la máa wá rà á, àwa la máa wá fi owó àpò wa tún ohun tí wọ́n ti fi 220 sá lórí Autobahn ṣe. Òyìnbó tó bá ń fowó ara ẹ̀ ra ọkọ̀ kì í sáré síbẹ̀, Škoda ló ń rà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Òtítọ́ ọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìbàdàn: Ní ti Toyota, wọn ò bú u, wọn ò sì yìn ín. Ọ̀gá mi béèrè ohun tí mò ń wà, mo ní Corolla, ó ní „vernünftig“ (ó bọ́gbọ́n mu), pé ìyá ìyàwó òun náà ń wà á, ó yí ojú sí kọ̀ǹpútà ẹ̀. Ó tán. Ohun tí wọ́n máa ń ṣàròyé lé lórí ni pé hybrid ẹ̀ máa ń ké tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí òkè Kassel, àti pé inú ẹ̀ kì í ṣe ibi téèyàn ń jókòó yangàn. Lexus ńkọ́? Wọ́n ń tà á níbí láti 1990, bóyá lẹ máa fi rí ọ̀kan lóòjọ́. Infiniti tiẹ̀ kó ẹrù ẹ̀ lọ ní 2020.

Ará Houston: Lexus wo lẹ ń sọ pé kò sí? Ẹ wá wo páàkì ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Sunday.

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ̀yin lẹ ní ojú ọ̀nà gbọọrọ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sáré lórí ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Hamburg: Ẹ bá mi bi ọkọ àǹtí yìí, kí ló dé tí káàdì àwọn ará Export fi máa ń kún ojú fèrèsé Toyota tó ti gbó, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ há a sí tàwọn olówó ńlá? Avensis mi ti 2005, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń yọ káàdì mẹ́rin márùn-ún lára ẹ̀, ọ̀kan tiẹ̀ kọ̀wé sí ẹ̀yìn káàdì pé „Chef, bester Preis“ (ọ̀gá, owó tó dára jù lọ). Àwọn ará Billstraße, àdúgbò àwọn ará Export ní Hamburg, mọ ohun tó ń pẹ́ lọ́jà Cotonou.

Mẹkáníìkì Àgbà: Toyota náà kì í ṣe áńgẹ́lì o. Bátìrì kékeré inú hybrid wọn yẹn, ẹ gbé e kalẹ̀ lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá dé, ADAC, àwọn tó ń gba ọkọ̀ tó kú sílẹ̀, lẹ máa pè. Ẹ bẹ abẹ́ Mazda àtijọ́ wò kẹ́ ẹ rí ìpẹtà. Ṣùgbọ́n Auris yẹn, àǹtí, tí wọ́n bá ń gbé e lọ sọ́dọ̀ Toyota fún sáfíìsì, Relax, ìdánilójú àtúnṣe wọn, lè bò ó títí tó fi máa pé ọdún 15 tàbí 250,000 kìlómítà. Ta ni nínú àwọn ọkọ̀ olóyè yẹn ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín?

Ará Peckham: Ẹ sọ fún un kó ra ohun tí wọ́n fi ń ti kátálísì, ohun tó ń fọ èéfín lábẹ́ ọkọ̀, torí olè o. Èmi ṣíná sí Auris mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bú bíi kìnnìún, wọ́n ti gé e lọ lábẹ́ ẹ̀ lóru. Ọdọọdún ni àwa sì ń ṣe àyẹ̀wò MOT, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe TÜV lọ́dún méjì méjì, ẹ ń jayé.

Sisí Berlin: Àwọn ará Stuttgart ṣá, wọ́n bí wọn sínú Mercedes, wọ́n á sì kú sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ojú ọ̀nà B14. Berlin ò rí bẹ́ẹ̀, a ò mọ ohun tí aládùúgbò wa ń wà, a ò sì fẹ́ mọ̀. Táàsì wa gan-an, Toyota ló pọ̀ níbẹ̀. A sì ní ilé iṣẹ́ Tesla tiwa ní Grünheide.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Grünheide ò sí ní Berlin, Brandenburg ló wà. Köln ni olú ilé iṣẹ́ Toyota Jámánì, Ford náà ń bẹ lọ́dọ̀ wa, a ò pariwo.

Bàbá Ìbejì: Ẹ ń pariwo nígbà Karneval.

Ẹ̀gbọ́n Hamburg: Gbogbo yín ẹ máa jà, èbúté ò sí lọ́dọ̀ yín. Ẹ rántí ìjàpá Volkswagen tí wọ́n ń tò ní Ọ̀jọ́? 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀. Volkswagen ni bàbá mi fi gbé gbogbo wa dàgbà, ẹnì mẹ́fà lẹ́yìn, adìẹ lẹ́sẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ta èéfín lẹ́yìn wa. Tó bá kú lójú ọ̀nà Ìbàdàn, mẹkáníìkì á yọ jáde látinú igbó, á fẹnu fa epo, ọkọ̀ á ṣíná. Níbí, wọ́n á ní kẹ́ ẹ gba Termin, kẹ́ ẹ dájọ́ ná.

Ọmọ Ìbàdàn: Kí mẹkáníìkì tó dé gan-an, a á ti ra àgbàdo sísun jẹ. Ọlọ́run, àgbàdo sísun àti ẹ̀pà!

Ará Houston: Èmi, Camry orobo ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ṣì ń wà á.

Ìyàwó Àkànbí: Ó ti jí o. Ó bá mi níbi tí mo ti ń kà á, ó sì ti gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ka ti ràkúnmí yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa pè wọ́n ní aago mẹ́jọ nípa DEKRA, ṣùgbọ́n òun ò sọ pé òun máa ra Auris.

Mẹkáníìkì Àgbà: Kó má gbé káàṣì dání o!

Sisí Berlin: Ẹ dákun, ta ló ń bọ̀ láti Hamburg sí Berlin lọ́sẹ̀ yìí? Mo fẹ́ páálí iṣu méjì àti ẹ̀lùbọ́, èyí tí wọ́n ń tà ní àdúgbò Wedding níbí ò dúdú dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n Hamburg: Ọjọ́bọ̀ ni mò ń bọ̀. Epo lọ́wọ́ yín.

Sisí Berlin: Avensis ńkọ́, ṣé àyè wà níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Hamburg: Ẹ tiẹ̀ lè fi àga ìdáná kún un.