Ṣé dandan ni kí n ṣí bootloader kí n tó root tablet yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Kàbbà níbí ni mo wà. Tablet Android 11 kan ló wà lọ́wọ́ mi, chip MediaTek ló wà nínú rẹ̀. Àwọn app tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ń jẹ dátà mi bí ẹni jẹ̀pà. Mo ti fi ADB, irinṣẹ́ tí a fi ń pàṣẹ fún Android láti orí kọ̀ǹpútà, yọ díẹ̀ nínú wọn, àmọ́ nígbà tí update dé, àwọn kan tún yọjú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ root rẹ̀, ìyẹn ni kí n gba àṣẹ pátápátá lórí rẹ̀.

Mo ti tẹ Build number lẹ́ẹ̀meje, Developer options ti jáde, mo sì ti tan OEM unlocking, tó ń fàyè gba kí a ṣí bootloader (ètò tó ń gbé Android dìde nígbà tí a bá tan tablet). Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Wọ́n ní tí mo bá ṣí bootloader, gbogbo ohun tó wà nínú tablet ló máa pa rẹ́, bẹ́ẹ̀ àkọsílẹ̀ owó àjọ màmá mi wà nínú app kan tí kò ṣeé kó jáde. Orúkọ àwọn oníṣòwò, iye tí kálukú dá, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ọmọ kan tó ń tún fóònù ṣe ní KingRoot, app kan tí wọ́n fi ń root fóònù, kò nílò kí a ṣí nǹkan kan. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i, torí ihò inú Android àtijọ́ nirú app bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé. Magisk, irinṣẹ́ root mìíràn, ló wù mí, àmọ́ boot.img (fáìlì tí Android fi ń dìde) tó bá ṣe àtúnṣe sí, fastboot (irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà) ni mo máa fi gbé e wọlé, ìyẹn sì nílò kí bootloader ti ṣí.

Ìbéèrè mi ni pé: ṣé ọ̀nà gidi kan wà tí mo fi lè root irú tablet yìí láìṣí bootloader rárá?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ o.