Kí ló dé tí ojú ẹni tí mo bá yà fi máa ń ṣókùnkùn?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ fọ́tò, mo kí yín o. Ó di oṣù mẹ́rin tí mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń ya fọ́tò ènìyàn, kámẹ́rà tí ẹ̀gbọ́n mi yá mi àti lẹ́ǹsì 18-55mm tó bá a wá ni mo sì ń lò. Bí màmá mi, tí àwọ̀ wọn dúdú dáadáa, bá dúró síwájú ògiri funfun nínú pálọ̀ wa, ògiri á hàn kedere, ṣùgbọ́n ojú wọn á ṣókùnkùn. Ṣé kí n tọ́jú owó ra lẹ́ǹsì mìíràn ni?

Èsì kìíní
Ẹ má tíì náwó. Kámẹ́rà kò mọ̀ pé màmá ló wà níwájú òun. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ló ń wọ̀n pọ̀, tó sì fẹ́ kí àpapọ̀ rẹ̀ rí bí àwọ̀ eérú. Nítorí náà, bí ògiri funfun bá gba ibi tó pọ̀ jù, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ènìyàn á sì jìyà rẹ̀. Ẹ wá ibi tí àmì + àti - wà, ẹ gbé e sí +1 kí fọ́tò lè mọ́lẹ̀ sí i, kí ẹ sì wo ojú wọn, ẹ má wo ògiri.

Èsì kejì
Òótọ́ ni, àmọ́ ọmọ mi, ibi tí màmá wà ló jẹ mí lógún ju bọ́tìnnì lọ. Pa iná pálọ̀, gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ó jìnnà sí ògiri ní bíi mítà méjì, kí ẹnìkan sì di páálí funfun mú ní òdì kejì kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sójú wọn. Awọ dúdú máa ń dán, ìdán yẹn ló sì ń fi bí ojú ṣe rí gan-an hàn, nítorí náà má fi pọ́dà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Fa lẹ́ǹsì rẹ dé 55mm, ibi tó ti ń fa nǹkan sún mọ́ni jù, kí o sún sẹ́yìn, torí pé bí o bá sún mọ́ wọn jù ní 18mm, imú á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ jókòó kọjú sí kámẹ́rà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń ṣe, ya ìyẹn ná kí o tó ní kí wọ́n yíjú.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣe méjèèjì lánàá, màmá sì ní fọ́tò yìí ló jọ òun. Ṣùgbọ́n gèlè funfun tí wọ́n wé ni gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ pòórá, ó kàn funfun lásán.

Èsì kìíní
+1 ti pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nìyẹn. Ẹ dá a padà sí òdo, ẹ tún un yà, kí ẹ jẹ́ kí páálí ṣe ìyókù.