Fairtrade tàbí specialty: kọfí wo ni ká rà kí owó lè dé ọwọ́ àgbẹ̀?

Ọmọ Àgbẹ̀, London

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará mi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kọfí kékeré kan ní Peckham. A ti rí ibi tí a ó háyà, a ti ra ẹ̀rọ, kọfí gan-an ló kù. Ti Ethiopia la fẹ́ máa tà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká ra èyí tó ní àmì Fairtrade, pé ìyẹn ló ń dáàbò bo àgbẹ̀. Ayankọfí wa, ẹni tí yóò máa bá wa fi iná yan kọfí, ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé specialty, ìyẹn kọfí tó gba máàkì gíga, ń sanwó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó kòkó ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èrè nìkan fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló ń ṣe àgbẹ̀ lóore jù?

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú ìdáwọ́lé o. Iṣẹ́ kọfí yíyan ni mò ń ṣe. Fairtrade dá iye kan tí owó kò gbọdọ̀ wálẹ̀ kọjá. Láti oṣù Kẹjọ 2023, dọ́là 1.80 ni lórí ìwọ̀n pọ́ùn kan kọfí irú Arabica tí wọ́n fọ̀, dọ́là 1.40 ló wà tẹ́lẹ̀, láti 2011. Bí iye kọfí lọ́jà New York bá ga ju ìyẹn lọ, iye ọjà ni wọn yóò san. Sẹ́ǹtì 20 tún wà lórí pọ́ùn kọ̀ọ̀kan fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló sì ń dìbò lórí ohun tí wọn yóò fi ṣe.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ife kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù 21 kọfí tí a kò tíì yan. Bí pọ́ùn kan bá jẹ́ dọ́là 2, sẹ́ǹtì 9 péré ló wà nínú ife yẹn. Ẹgbẹ́ ló sì ń gbà á, lórí ọjà tó ti dé èbúté. Wọn yóò yọ owó ọkọ̀ àti owó ìfọ̀ kí wọ́n tó pín ìyókù fún àgbẹ̀.

Specialty ní tirẹ̀ ni kọfí tó gba máàkì 80 lórí 100 lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́ ọ wò. Kò sí iye tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ wálẹ̀ kọjá. Àwọn olùrà kan ń kọ iye tí wọ́n san síta gbangba, Ọlọ́run yóò bù kún wọn. Àwọn mìíràn kàn ń lẹ àwòrán àgbẹ̀ mọ́ àpò.

Ọmọ Kàbà

Ẹ̀yin tó ń fọwọ́ rọ́ Fairtrade sẹ́yìn, ẹ ò tíì rí ibi tí owó ti já. Owó kọfí ni bàbá mi fi rán wa níléèwé ní Kàbà. Nígbà tí ìjọba fagi lé àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ra irè oko ní 1986, kò sẹ́ni tó ń dá iye lé e fún wọn mọ́. Ohun tí alágbàtà bá pè ni wọ́n ń gbà. Ní 2001, pọ́ùn Arabica kò tó sẹ́ǹtì 50 lọ́jà àgbáyé, irú kọfí tiwa, Robusta, tún relẹ̀ ju ìyẹn lọ. Bàbá mi gé igi kọfí, ó gbin kájú. Àwọn olùrà specialty kò wá Robusta débi tí wọ́n á gbà wá. Iye tí kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ni àgbẹ̀ nílò nírú ọdún bẹ́ẹ̀.

Àbúrò Alákọfí, Bristol

Ẹ̀gbọ́n Kàbà, mo gbà pẹ̀lú yín. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì 2025, pọ́ùn kan kọjá dọ́là 4. Dọ́là 1.80 kò wúlò fún ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. Owó ọwọ́ ló di wàhálà: alágbàtà ń gbé owó wá sí ẹnu oko, ẹgbẹ́ kò sì rí owó tí yóò fi ra irè àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Fairtrade ní kí olùrà san tó ìdá 60 nínú 100 ṣáájú bí ẹgbẹ́ bá béèrè. Ẹ bi ẹni tó ń kó kọfí wọlé fún yín bóyá ó ń ṣe é.

Ní ti Ethiopia, láti 2008 títí di 2017, wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ kọfí gba ọjà ìjọba ní Addis Ababa, wọ́n sì ń pò ó pọ̀ débi pé a kì í mọ oko tó ti wá. Àwọn àpapọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀, bíi ti Oromia tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, wà lára àwọn tí wọ́n gbà láyè nígbà yẹn láti tà á sókè òkun fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ kọfí wọn ní àmì Fairtrade, ó sì tún ń kọjá máàkì 80. Nítorí náà, inú àpò kan náà ni ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń wá àti ohun tí ayankọfí yín ń wá lè wà.

Ohun tó ká mi lára jù nìyí: èso kọfí pupa tútù ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ ń tà fún ibi ìfọkọfí. Ìgbà tí wọ́n bá tà á tán ni máàkì ń jáde. Bí máàkì bá sọ kọfí náà di olówó ńlá, ta ló ń jẹ èrè rẹ̀? Ẹ béèrè iye tí wọ́n san lórí kílò èso pupa, kí ẹ sì béèrè bóyá àgbẹ̀ gba owó ẹlẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí wọ́n ta ọjà tán.

Ọmọ Àgbẹ̀, London

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín. Ìbéèrè méjèèjì la ó gbé lọ bá ayankọfí wa. Ṣùgbọ́n ṣé wọn yóò dá ṣọ́ọ̀bù kékeré bíi tiwa lóhùn?

Ìyá Ìbejì, Leeds

Wọn á dá yín lóhùn tí ẹ bá jẹ́ kí ayankọfí yín mọ̀ pé ẹ ó padà wá. Ẹ bá a ṣàdéhùn ọdún mẹ́ta lórí kọfí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé bí òjò bá ba ìkórè jẹ́ tí máàkì 86 di 83, ẹ ó ṣì rà á.