Ṣé ejò inú ni gbogbo aràn tó ń bá adìyẹ jà?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí ìwé atọ́nà fún àwọn tó ń sin adìyẹ tà máa pe gbogbo aràn inú adìyẹ ní “ejò inú”, kí àìsàn náà sì jẹ́ “àkóràn ejò inú”. Ó dùn létí, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn.

Nínú àwọn aràn náà, Ascaridia galli nìkan ni orúkọ ejò inú bá mu. Ẹ la ìfun adìyẹ tó ní in: ó funfun, ó ṣe roboto, abo rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, wọ́n sì lè lọ́ mọ́ra wọn títí tí ìfun á fi dí. Òun ni oògùn aràn tí à ń pè ní piperazine ń pa. Raillietina, aràn mìíràn, ńkọ́? Pẹlẹbẹ ni, ó ní oríkèé-oríkèé, ó sì forí kọ́ ara ìfun. Piperazine kò tu irun kan lára rẹ̀. Ẹni tó bá ka “oògùn ejò inú” á da oògùn sómi, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, adìyẹ á sì máa rù lọ. Aràn pẹlẹbẹ ni ká pe ìyẹn, kí aràn ìfun wá kó gbogbo wọn pọ̀. (Aràn o, kì í ṣe àrán tí à ń rán láṣọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ àmì ohùn.)

“Àkóràn” gan-an ló ká mi lára jù. “Kó” inú rẹ̀ dára. “Ràn” tó gbẹ̀yìn ló ń ṣini lọ́nà, bí ẹni pé adìyẹ kan ló ń kó o ran èkejì lójú ẹsẹ̀. Ẹyin ejò inú á bá ìgbẹ́ jáde, á wà nínú pàǹtí tí a tẹ́ sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ 2, bí ibẹ̀ bá móoru tó sì rin, kó tó lè ṣe adìyẹ ní nǹkan. Èyí tó ń ṣa ilẹ̀ jẹ ló máa gbé e mì. Ti aràn pẹlẹbẹ tún yàtọ̀: inú èèrà tàbí yímíyímí tí adìyẹ bá ṣà jẹ ló ń gbà wọlé. Abájọ tí adìyẹ inú kéèjì, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń já bọ́ sísàlẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ní aràn. “Aràn kíkó” ni tèmi.

Àbúrò tó béèrè nípa aràn Syngamus tó ń mú adìyẹ yanu mí: ọ̀nà èémí ló ń gbé, kò sí lábẹ́ aràn ìfun.

Ó ku aràn Heterakis, tó máa ń gbé kòkòrò àrùn tó ń pa tòlótòló kiri. Inú àpò méjì tó so mọ́ ìfun, tí ìdí wọn dí, ló ń gbé. Kí ni àwọn tó ń pa adìyẹ lójoojúmọ́ ń pe àpò yẹn? Ẹ bá wa bi wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dá orúkọ sílẹ̀.