Ẹja abàmì inú ibú òkun: ta ló ti fojú ara ẹ̀ rí i? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi bẹ̀rẹ̀. Tàńtí mi ń yan ẹja tà l'Ájàṣẹ́ níbí, èmi ni mo sì máa ń bá a ru agbọ̀n tó bá ń lọ ra ọjà lọ́dọ̀ àwọn apẹja ní Kùtọnu. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tá a débẹ̀, la bá bá èrò rẹpẹtẹ tí wọ́n pagbo yí ọkọ̀ kan ká, àwọn kan ń pariwo mámíwọ́tà, àwọn kan ti gbé fóònù sókè, mo rá pálá wọ àárín wọn. Ha! Ekurá ni o, èyí táwọn ará Nàìjíríà ń pè ní àkùrákudà, táwa ń pè ní requin, àmọ́ mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ó nà gbalaja sórí iyanrìn, ó gùn tó ọ̀kadà zem méjì tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, àwọ̀ ẹ̀ dà bí eérú tí wọ́n pò mọ́ èédú, ojú ẹ̀ wá tutù bí ewé, ó ń dán bí ìdí ìgò. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń hani lọ́wọ́ bí ewé ìpín.

Bàbá tó ni ọkọ̀ fà mí lápá, Ègùn ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ó ní ìwọ ọmọ yìí, dákẹ́ ariwo, ka ojú tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Mo kà á, mẹ́fà. Mo tún un kà, mẹ́fà náà ni. Ó ní gbogbo ekurá tóun ti ń pa látìgbà tóun ti ń bá bàbá òun wa ọkọ̀, márùn-ún márùn-ún ni tiwọn, àti pé ti mẹ́fà yìí, ìsàlẹ̀ tí òkùnkùn pọ̀ sí ló ń gbé, òru ló ń gòkè wá jẹun, ìwọ̀ tí wọ́n sọ jìnnà lóru ló gbé e. Ó tún ní kí n wo ẹ̀yìn ẹ̀, lẹbẹ́ kan ṣoṣo, ó sì ti sún lọ sídìí ìrù, bẹ́ẹ̀ méjì la sábà máa ń rí lẹ́yìn àwọn tó kù. Eyín ìsàlẹ̀ ẹ̀ ńkọ́? Ayùn káfíńtà gan-an.

Kí n tó jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn fídíò ti dé WhatsApp, wọ́n ní megalodon, ekurá ràbàtà ayé àtijọ́, ti jáde ní Benin, mítà méjìlá! Ẹja tí mo fẹsẹ̀ ara mi wọ̀n tí ò ju mítà mẹ́rin lọ. Ẹni tó ya fídíò ló gbé fóònù sún mọ́ ẹnu ẹja, tó wá jẹ́ káwọn èèyàn dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ṣé kò ní tóbi lójú ju bó ṣe rí lọ? Ìgbà tó yá ni mo wá rí orúkọ ẹ̀, requin griset, Hexanchus griseus làwọn onímọ̀ ń pè é, ó lè tó mítà márùn-ún, wọ́n sì ti rí i nísàlẹ̀ tó ju mítà 2,000 lọ. Tàńtí mi ò tiẹ̀ ná an o, ó ní ẹja tó ní irú ojú yẹn ò ní gun orí iná òun.

Ìyá Ìbejì

Tèmi ti kú kí n tó rí i. Etí òkun ní apá Sẹ̀mẹ̀ ni, ohun kan ti jẹrà síbẹ̀, ọrùn gbọọrọ, orí bíńtín, ó tún hu irun! Wallahi mo sá. Ọkọ mi ló ń rẹ́rìn-ín, ó ní tí ekurá ńlá bá ń jẹrà, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ àti ibi tó fi ń mí ló kọ́kọ́ ń já bọ́, ohun tó bá kù á wá dà bí ọrùn, àti pé fọ́nrán inú lẹbẹ́ tó tú ni mò ń pè ní irun. Ó ní lọ́dún 1977 ọkọ̀ apẹja àwọn ará Japan kan fa irú ẹ̀ sókè nítòsí New Zealand, gbogbo ayé ní ẹranko ayé àtijọ́ ni, ìgbà tí wọ́n yẹ ẹran ara ẹ̀ wò, ó jọ ti ekurá. Mo gbọ́, àmọ́ mi ò padà síbẹ̀.

Ará Kétu

Ẹ̀ẹ̀mejì péré lèmi rí òkun láyé mi, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé ẹ wá dá yín lójú pé megalodon yẹn ò sí nísàlẹ̀ níbi tójú ò tó?

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ọdún tó ti parẹ́. Ekurá kì í yéé pàrọ̀ eyín, àtijọ́ á bọ́, tuntun á hù, tó bá ṣì wà a ò bá máa rí eyín ẹ̀ tútù, àmọ́ èyí tí wọ́n ń rí ti di òkúta. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ló sì ń gbé, kì í ṣe ìsàlẹ̀ tó tutù bíi yìnyín.

Ọmọ Ṣábẹ̀

Mo se oúnjẹ nínú ọkọ̀ apẹja kan ní Dakar fọ́dún méjì. Lálẹ́ ọjọ́ kan mò ń fọ ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, iná wa mọ́lẹ̀ sójú omi, mo rí ẹ̀yìn kan tó ń kọjá lọ, funfun tótòtó kún ara ẹ̀ bí ẹyẹ ẹtù, ó ń kọjá, kò tán. Mo kígbe pé àbùùbùtán! Ọ̀gá wa ní kí n wo ìrù. Ti àbùùbùtán tẹ́ pẹrẹsẹ, òkè sísàlẹ̀ ló ń jù ú, ti ẹja dúró ṣánṣán, ọ̀tún sósì ló ń jù ú. Èyí dúró. Requin-baleine ni, òun ló tóbi jù nínú gbogbo ẹja, ó lè tó mítà 18, bẹ́ẹ̀ ohun wẹ́wẹ́ inú omi ló ń sẹ́ jẹ.

Ọ̀gá yẹn náà ló sọ ti ekurá kan tí wọ́n ń pè ní grande gueule fún mi, tẹ́nu ẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu àpò gàrí. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó wà láyé títí di 1976 tó fi há sí ìdákọ̀ró aláṣọ ọkọ̀ ológun Amẹ́ríkà kan ní Hawaii, mítà mẹ́rin ààbọ̀, kílò 750, ẹ rò ó wò! 1983 ni wọ́n tó fún un lórúkọ. Lọ́dún 1995 wọ́n mú ọmọdé ẹ̀ kan lójú òkun Senegal níbẹ̀. Èmi ò rí i o, mo kàn máa ń yọjú wo àwọ̀n ní gbogbo òwúrọ̀.

Ará Kétu

Ọmọ Àjàṣẹ́, fótò ẹlẹ́mẹ̀ẹ́fà yẹn dà?

Ọmọ Àjàṣẹ́

Fóònù yẹn já sínú ọ̀sà nígbà tí mò ń bọ̀ wálé, ẹ̀gbọ́n.

Ará Kétu

Mo mọ̀!