Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: tẹ́ẹ̀sì tí ọmọ gbọ́dọ̀ yege kó tó tẹ̀ síwájú nínú calculus

Tíṣà Ṣàngó:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Calculus, ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà, ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ní iléèwé gíga kan n'Ìbàdàn níbí, kíláàsì kún débi pé àwọn kan ń dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ń dùn mí ni pé kì í ṣe ibi tó jinlẹ̀ ló ń dà wọ́n láàmú, nǹkan kéékèèké ni. Ẹ ní kí wọ́n ṣe differentiation (wíwá bí nǹkan ṣe ń yára yí padà sí) x² sin 3x, ìwọ̀nba ló máa kọ 2x sin 3x + 3x² cos 3x, àwọn tó kù á kọ 2x cos 3x, wọ́n á fa ìlà sí i nídìí. Wọ́n á ṣe ti x² lọ́tọ̀, ti sin lọ́tọ̀, wọ́n á wá fi méjèèjì lura wọn, 3 inú ẹ̀ ò tiẹ̀ kàn wọ́n. Tó bá wá di ìdánwò wọ́n á ṣa máàkì jọ láti ibòmíì, wọ́n á yege, wọ́n á wọ kóòsì tó kàn, ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ́. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tẹ́ẹ̀sì kékeré kan fún nǹkan ìpìlẹ̀ nìkan, ẹni tí ò bá yege á tún un ṣe títí á fi yege. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀, báwo lẹ ṣe gbé e kalẹ̀? Ẹ rántí pé iná ò dúró, kọ̀ǹpútà ò sì kárí.

Ará Òkè Òkun:
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Yunifásítì Michigan l'Amẹ́ríkà níbí ti ṣe é rí, gateway test ni wọ́n ń pè é nígbà náà, differentiation ní tiẹ̀, integration (òdìkejì differentiation) ní tiẹ̀. Ọmọ lè fi dánra wò bó ṣe wù ú, àmọ́ èyí tó máa kà, inú lab ló ti máa ṣe é níwájú ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Kò sí pé o gbìyànjú gba ìdajì máàkì. Tó bá féèlì, á padà wá ṣe òmíì tí nọ́ńbà inú ẹ̀ ti yí padà. WeBWorK, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìbéèrè wá tó sì ń máàkì ẹ̀, wà fún irú iṣẹ́ yìí, Yunifásítì Rochester ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é láàárín àwọn ọdún 1990, ọ̀fẹ́ ni. MyOpenMath tó jọ ọ́ náà, ọ̀fẹ́ ni.

Màmá Ìbejì Bódìjà:
Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà dá yín dúró o, pépà ni kẹ́ ẹ lò. Ìbéèrè 7, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọmọ gbọ́dọ̀ gba 6, kò sí kakulétọ̀. Abala bébà kan á gba méjì, ẹ fọ́tòkópì ẹ̀ l'Agbowó kẹ́ ẹ gé e. Ìbéèrè kìíní kó máa jẹ́ power tó ní fraction tàbí nẹ́gétíìfù nígbà gbogbo, ìkejì product rule (fún ohun méjì tó ń lu ara wọn), ìkẹta quotient (fún ohun kan tá a fi òmíì pín), ẹ jẹ́ kí chain rule (fún ohun tó wà nínú òmíì) tó méjì torí òun gan-an lọ̀tá wọn, kí méjì tó kù kó ln (logarithm), e (irú eˣ), àti trig (irú sin àti cos) pọ̀. Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ nọ́ńbà nìkan lẹ máa pààrọ̀. Máàkì ẹ̀ ò gba àkókò torí ìdáhùn nìkan lẹ ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó kọ 5(x²+1)⁴·2x sílẹ̀ láìsọ ọ́ di 10x(x²+1)⁴ ti gbà á o, chain rule lẹ ń wò níbẹ̀, ẹ má fi nǹkan míì fìyà jẹ ẹ́.

Tíṣà Àgbà, Ẹlẹ́yẹlé:
Mo fara mọ́ ti Màmá Ìbejì, àfi ibi kan. Algebra yẹn gan-an ni àìsàn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọmọ tó gbà pé √(x²+9) jẹ́ x+3, kí la fẹ́ fi differentiation ṣe fún un? Tẹ́ẹ̀sì algebra ló yẹ kó ṣáájú, lọ́sẹ̀ kejì tí wọ́n wọlé. Èkejì, Benjamin Bloom, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí irú ìkọ́ni yìí lọ́dún 1968 ò sọ pé ká kàn máa tún ìdánwò ṣe, ó ní ká wo ibi tí ọmọ ti kọsẹ̀ ká tún un kọ́ ọ kó tó padà wá. Ọ̀gá télọ̀ ò kúkú ní fún ọmọṣẹ́ tí ò tíì lè ran ìlà gbọọrọ ní aṣọ oníbàárà gé, bẹ́ẹ̀ ni ò ní kàn máa wò ó níran kó máa ba aṣọ jẹ́. Ẹ má sì fi dí wọn lọ́nà ìdánwò ìparí o. Máàkì 10 nínú 100 tó, gbogbo ẹ̀ tàbí òdo.

Ọmọ Agbowó:
Ẹ dákun sà, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún wa níbì kan, orúkọ àwọn tó féèlì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, wọn ò dá pépà padà, àwọn kan bá há ìdáhùn sórí torí pé ìbéèrè kan náà ló ń bọ̀. Ẹ bá wa dá pépà padà lọ́jọ́ kejì, kẹ́ ẹ ní ká ṣe àtúnṣe ibi tá a ti kùnà ká mú un wá, òun ni tíkẹ́ẹ̀tì tá a máa fi wọlé ṣe òmíì. Ìtìjú ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ padà lọ rárá.

Tíṣà Ṣàngó:
Àbúrò, o ṣeun gan-an, ti ìwé ara ògiri yẹn ò ní ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ mi, àtúnṣe-ṣáájú-wíwọlé yẹn ni mo máa lò gan-an. Màmá Ìbejì, èrò mi lé ní 300, ta ló máa máàkì ẹ̀ lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀?

Màmá Ìbejì Bódìjà:
Tíṣà, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le. Ẹni tó bá yege ò padà wá mọ́, torí náà èrò á máa dínkù. Ẹ mú ọjọ́ kan, ká ní Ọjọ́bọ̀ nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ bẹ àwọn ọmọ 300 level mẹ́ta mẹ́rin, ẹ fún wọn ní ìdáhùn, kẹ́ ẹ jókòó tì wọ́n. Ti àgbà wa lórí algebra, mo gbà, ẹ fi ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí integration dúró di ẹ̀yìn, nígbà tí ẹ bá ti kọ́ substitution (fífi lẹ́tà kan rọ́pò ibi tó díjú) tán, kẹ́ ẹ sì rí i pé ∫1/x² dx wà níbẹ̀, torí ln x² ni wọ́n máa ń sáré kọ dípò −1/x + C. Tẹ́ ẹ bá ti ko ìbéèrè àkọ́kọ́ jọ, ẹ gbé e síbí ká bá yín wò ó, pàápàá quotient rule, kí nọ́ńbà tẹ́ ẹ pààrọ̀ má lọ jẹ́ kí ti ọ̀sẹ̀ kan le ju tòmíì lọ.