Ẹyin aléfòó kọ́ ni orúkọ ẹyin tó dáa

Lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tá à ń wá fún bí ẹyin ẹja ṣe dáa tó (egg quality), ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pe ẹyin ẹja òkun tó dáa ní "ẹyin aléfòó", ká pe èyí tí ò dáa ní "ẹyin arì", mo rí ibi tí wọ́n ń lọ, torí ohun tí wọ́n ń ṣe ní hatchery, ibi tí wọ́n ti ń mú kí ẹyin ẹja pa, gan-an nìyẹn: wọ́n á bu ẹyin sínú omi oníyọ̀ nínú sílíńdà, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tó mọ́ gaara á gòkè, èyí tó ti kú á funfun á sì rì, wọ́n á dà á nù. Àmọ́ orúkọ yẹn ò lè dúró.

Ẹyin nìkan kọ́ ló ń pinnu bóyá òun á léfòó, omi náà ní ọwọ́ níbẹ̀. Omi òkun máa ń ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú kílò kan, ẹyin cod, ẹja òkun kan, á léfòó nínú ẹ̀ dáadáa. Ẹ wá wo cod inú òkun Baltic ní àríwá Yúróòpù, níbi tí iyọ̀ òkè omi ò tó nǹkan: ẹyin tiwọn á máa lọ sísàlẹ̀ títí á fi dé ibi tí iyọ̀ ti pọ̀ díẹ̀ kó tó dúró. Ṣé ẹyin tí ò dáa la máa wá pe gbogbo ìyẹn ni? Ti ẹja herring ńkọ́, tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ omi ló ń lẹ̀ mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀? Ẹyin tí àtọ̀ ò kàn rárá pàápàá ṣì lè léfòó fúngbà díẹ̀, á sì mọ́ gaara lójú bíi ti èyí tó gba àtọ̀.

"Ojúlówó ẹyin" tí àwọn kan ní ká pe èyí tó dáa náà, èmi ò gbà á. Ayédèrú ló ń bá ojúlówó jà, ẹyin tí ò lè dọmọ sì rèé, ẹyin gidi ṣì ni, kò sẹ́ni tó ṣe ayédèrú ẹ̀. "Ìdára ẹyin" tó fún mi, tá a bá ṣáà ti gbà pé ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó lè gba àtọ̀ kó sì di ọmọ ẹja tí ara ẹ̀ pé.

"Ẹyin àgbójù", fún ẹyin tó gbó kọjá àkókò, wù mí púpọ̀ o. Ẹja halibut àti turbot tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ ikùn wọn kí ẹyin lè jáde, tí ẹyin bá ti gbó tán tí wọ́n wá fi í sílẹ̀ nínú ìyá fún wákàtí mélòó kan ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè má rùn, ó lè má yí àwọ̀, àmọ́ iye tó máa gba àtọ̀ á já wálẹ̀. "Ẹyin jíjẹrà" tí àwọn kan ń kọ ò bá a mu rárá.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù ni ọlẹ̀, ìyẹn ohun tó ń dọmọ bọ̀ nínú ẹyin (embryo). Àwọn kan ní inú ìyá lọlẹ̀ ń wà, pé ká kọ "ọmọ-inú-ẹyin" fún ẹja. Ó gùn, ó sì ń pè é lọ́mọ nígbà tí ò tíì dọmọ. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń wò nínú maikirosíkóòpù: lẹ́yìn tí àtọ̀ bá wọlé, sẹ́ẹ̀lì á pín sí 2, sí 4, sí 8, tó bá sì di 8 ó máa ń tò ní ìlà méjì, 4 níhìn-ín 4 lọ́hùn-ún. Tó bá dáa, gbogbo wọn á dọ́gba, etí wọn á hàn ketekete. Tí ò bá dáa, ọ̀kan á tóbi ọ̀kan á kéré, àlàfo á wà láàárín, tàbí kẹ́ ẹ má mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Lára halibut, wọ́n ti rí i pé èyí tó dọ́gba báyìí ló ń pa jù. Ẹyin kọ́ là ń yẹ̀ wò mọ́ níbẹ̀, ọlẹ̀ ni, torí náà ẹ jẹ́ ká ya "ìdára ẹyin" sọ́tọ̀ fún ṣáájú àtọ̀, ká fi "ìdára ọlẹ̀" sí ẹ̀yìn ẹ̀ títí á fi pa. Nínú ọ̀pọ̀ ẹja, kó tó pa rárá ọkàn ẹ̀ á ti máa lù, á máa ju ìrù nínú ẹyin, àbí kí wá là ń pè ní ọlẹ̀ sọ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì kọ "òróró kan ṣoṣo" mọ́ ìtumọ̀ ìdára fún gbogbo ẹja. Ẹja sea bream ló nírú ẹ̀, ẹyin ẹ̀ tóbi tó bíi mílímítà 1, ẹ̀kán òróró kan ló wà nínú ẹ̀, tó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ wọ́n á fura. Cod àti halibut ò ní òróró yẹn nínú ẹyin wọn rárá, bẹ́ẹ̀ ti halibut tó mílímítà 3. Ẹni tó bá fi ìtumọ̀ yẹn ṣiṣẹ́, gbogbo ẹyin halibut ló máa dà nù.